Orúnkún Ló Ń Dùn Yín, Itan Ni Kí Ẹ Tọ́jú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń fi ọjọ́ gbogbo jókòó lórí àpótí, láti Tákíé dé Ọjà Ìgbó nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, la fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí orúnkún bá ti ń dùn wọ́n, wọ́n á fi òrí pa á, wọ́n á lo oògùn ìrora, wọ́n á ní kí ẹsẹ̀ máa sinmi. Ìsinmi yẹn gan-an ló ń dá kún un. Kèrékèré orí egungun lè ti fẹ́lẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣan iwájú itan ló ń bá orúnkún gbé ẹrù ara. Bí iṣan náà bá rọ, oríkèé nìkan ni yóò máa rù ú.

Ẹ jókòó sórí ibùsùn, ẹ na ẹsẹ̀. Ẹ ká táwẹ̀lì kó ki tó ọrùn ọwọ́, ẹ fi sábẹ́ orúnkún, kí ẹ wá fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ka ení dé àrún, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé itan lókè orúnkún: ó yẹ kó le bíi máńgòrò tí kò tíì pọ́n. Bó bá ṣì rọ̀, ìdí lẹ ń fún pọ̀, kì í ṣe itan. Ẹ má sé èémí o, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bí ìyẹn bá ti rọrùn, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká ẹsẹ̀ kan, ẹ gbé ìkejì sókè ní nínà, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Bí orúnkún bá ń tẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e, ẹ padà sídìí táwẹ̀lì.

Lẹ́yìn náà ni dídìde lórí àga. Àga la wí, kì í ṣe àpótí: àpótí kúkurú ń ká orúnkún jù, ìdìde sì ń ni ín lára. Ẹ gbé àga ti ògiri, kí ìjókòó rẹ̀ ga tó orúnkún. Bó bá kúrú, ẹ fi tìmùtìmù sí i. Ẹ dìde, kí ẹ rọra jókòó padà. Jíjókòó díẹ̀díẹ̀ yẹn niṣẹ́ wà; ẹni tó bá jókòó gbì ti fi èrè rẹ̀ ṣòfò. Kí orúnkún méjèèjì má sì ṣe fì wọ inú.

Yóò dunni díẹ̀. Bí ìrora bá rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò séwu. Bí orúnkún bá wú lọ́jọ́ kejì, ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ẹ má pa á tì. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló ń gbà kí ìyàtọ̀ tó hàn, ọ̀sẹ̀ kejì sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ó ń dùn wá.

Ẹ yọ ìrọ̀rí tí ẹ ń fi sábẹ́ orúnkún sùn. Ó tuni lára, àmọ́ bó bá pẹ́, orúnkún kò ní lè nà tán mọ́. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kó wà, kí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ náà jọ máa lọ síwájú. Ẹni tó sanra, bí kílò 1 bá kúrò lára rẹ̀, ẹrù tó fúyẹ́ lórí orúnkún níṣìísẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó kílò 4. Oògùn ìrora tí à ń gbé mì lójoojúmọ́ láìbi dókítà lè dá ọgbẹ́ sínú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Orúnkún tó bá gbóná, tó pọ́n, tí ibà sì bá a rìn, tàbí tí kò ṣeé fi tẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ.

Àwa onífisiotẹ́rápì, tí ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé,
Ògbómọ̀ṣọ́.