Ẹ tètè yẹ etí ọmọ wò lẹ́yìn yírùnyírùn

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ẹ̀rọ táwọn dókítà ń rì mọ́ etí adití, cochlear implant tí wọ́n ń pè é, inú mi sì dùn pé Yorùbá lẹ fi kọ ọ́ torí ìyá mi nílé náà kà á. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ̀rọ náà máa ń wo etí sàn. Rárá o. Ọmọ mi obìnrin ní ọ̀kan lórí, ọdún kẹta rèé, etí ẹ̀ ò sàn. Tó bá ti bọ́ èyí tó ń gbé kọ́ etí sílẹ̀ láti wẹ̀ báyìí, àrá lè sán lórí ilé wa kó má mọ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣàlàyé fún mi. Inú etí lọ́hùn-ún, nǹkan kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Irun wínníwínní tójú lásán ò lè rí wà nínú ẹ̀, àwọn ló ń sọ ìró di iná tí iṣan máa gbé lọ sí ọpọlọ. Irun yẹn tó bá ti kú, kì í hù mọ́. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn táwọn bàbá àgbà ń fi sétí, ńṣe ló ń sọ ohùn di ńlá, tí irun bá sì ti kú tán, ta ni ohùn ńlá fẹ́ bá sọ̀rọ̀? Èyí yàtọ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni dókítà máa tì wọ inú ìkarahun náà, ojú ibi tí iná ń gbà jáde lára tọmọ mi jẹ́ 22, maikirofóònù ẹ̀yìn etí á gbọ́ ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà kékeré tó wà níbẹ̀ á tú u wò, á fi ránṣẹ́ gba ara awọ orí kọjá sí èyí tí wọ́n rì sábẹ́ awọ, ìyẹn á wá máa fi iná ta iṣan yẹn fúnra ẹ̀. Kò bá irun òkú kankan sọ̀rọ̀.

Èrò yìí ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1800, Volta ará Ítálì tó kọ́kọ́ ṣe bátìrì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti irin bọ etí òun méjèèjì òun sì tan iná sí i, ó ní ìró tóun gbọ́ dà bí nǹkan tó ki tó ń hó, èmi rò pé bí ìgbà tí ọkà ń hó nínú ìkòkò ni. Lọ́dún 1957, Djourno àti Eyriès, ará Faransé méjì, fi iná ta iṣan etí adití kan ní Paris. Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Graeme Clark, dókítà etí ní Ọsirélíà, torí bàbá tó bí i ò gbọ́ràn dáadáa. Ìṣòro ẹ̀ ni bí wáyà ṣe máa yí wọ ibi tó ká láì ṣẹ́. Etí òkun ló jókòó sí, ó mú ìkarahun kan, ó ń fa koríko ó ń tì í bọ inú ẹ̀, ó wá rí i pé koríko tí orí ẹ̀ rọ̀ tí ìdí ẹ̀ le ló ń wọlé. Lọ́dún 1978 ló fi tiẹ̀ sétí ẹni àkọ́kọ́ ní Melbourne. Mo ti sọ ìtàn yẹn fọ́mọ mi tó ìgbà mẹ́wàá, ó ṣì ń ní kí n sọ ọ́.

Ìkarahun inú etí yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọ mi nígbà tí yírùnyírùn (meningitis) mú un, ìgbà ooru ni, ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Òmù-Àrán. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò ní ọsibítù, ọrùn ẹ̀ le gbagidi, mo ti rò pé ó ti lọ. Alhamdulillahi, ó yè é. Wọ́n fún wa ní oògùn pé ká máa lọ sílé, kò sí ẹnì kan, ẹnì kan ṣoṣo, tó sọ fún wa pé ká yẹ etí ẹ̀ wò. A gbé e bọ̀ wá sí Ìlọrin. A máa pè é kò ní dáhùn. Wọ́n ní ìkẹ́ tá a kẹ́ ẹ nígbà àìsàn ló sọ ọ́ di alágídí, àwọn kan ní ká fún un ní hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà Kùránì, mu, a fún un, àwọn kan ní ká kán òróró sí i létí, a kán an. Lọ́jọ́ kan mo rán an níṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi kò yíjú, mo na án. Mo na ọmọ mi torí ohun tí kò gbọ́. Mi ò tíì gbàgbé, mi ò sì rò pé mo lè gbàgbé.

Oṣù márùn-ún ti kọjá ká tó dé ọ̀dọ̀ dókítà etí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé lẹ́yìn yírùnyírùn, eegun lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú ìkarahun yẹn, kì í sì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lásán. Eegun á di ojú ọ̀nà tí wáyà fẹ́ gbà. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un (a ti ta ilẹ̀, a ti yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ má jẹ̀ẹ́ n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn), ojú iná 13 péré ló wọlé nínú 22.

Ó ń gbọ́ báyìí o, mi ò ṣàìmoore. Ó ń gbọ́ kíkànlẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ìrun pípè. Ibi tó ti le ni àmì ohùn. Àwọn tó ń ṣèwádìí láàárín àwọn Ṣáínà, táwọn náà ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ mú ọ̀rọ̀ yàtọ̀ síra, ti rí i pé ẹ̀rọ yìí kì í gbé gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn jáde dáadáa. Tiwa náà nìyẹn. Ìyá ẹ̀ á ní kó gbé igbá wá, á kó ìgbá wá. Tó bá rí ojú wa tó sì mọ ohun tá à ń sè, á mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, Òyìnbó ni gbogbo ìwé tó fi ń kọ́ ọ, cat, ball, dog, ọmọ tó jẹ́ pé Yorùbá ló ti ń sọ kó tó ṣàìsàn! Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe tiwa ní Yorùbá, igbá, ìgbá, ìgbà, igba, pẹ̀lú àwòrán.

Ìyẹn lè dúró díẹ̀. Èyí tí ò lè dúró ni mò ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ tẹ̀ jáde ní lẹ́tà gàdàgbà. Ní ìlú ọba, ìlànà wọn ni kí wọ́n yẹ etí ọmọ tó ní yírùnyírùn wò kó tó kúrò ní ọsibítù, tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tára ẹ̀ bá ti le tó láti yẹ̀ wò. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sórí káàdì tẹ́ ẹ fi ń tú ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, tí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ béèrè. Kẹ́ ẹ tó délé pàápàá, ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ níbi tí kò ti lè rí yín, kẹ́ ẹ pe orúkọ ẹ̀ jẹ́jẹ́. Tí kò bá yíjú, ẹ má nà án. Dókítà etí ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá, lọ́jọ́ yẹn.

Èmi ni tiyín,
Bàbá ọmọ kan, télọ̀ ní Ìlọrin