Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ funfun tó pọ̀ jù

Ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé,
Àkúrẹ́.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà láti Oǹdó. O ní ẹ̀jẹ̀ funfun (àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà nínú ara) bàbá àgbàlagbà kan lé ní 40,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, nígbà tó jẹ́ pé ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í sábà kọjá 11,000, pé ọ̀gá yín ní àkóràn ni, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí ibi tó wà. Ó gbà mí ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kí n tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ funfun lè pọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí àkóràn rárá.

Àwọn jẹjẹrẹ kan, títí kan ti àpò ìtọ̀, a máa ṣe èròjà tí à ń pè ní G-CSF jáde. Èròjà yìí ni ara fi ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn eegun pé kó pèsè ẹ̀jẹ̀ funfun. Kókó jẹjẹrẹ náà á wá máa jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an, ibà lè bá a rìn, dókítà á sì máa kọ oògùn apakòkòrò lóríṣiríṣi. Irú kókó bẹ́ẹ̀ burú, kì í dúró de ẹni tó ń wá àkóràn tí kò sí. (Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé láti ara sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní 5637 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti yọ G-CSF ní 1985, tí ó sì di oògùn filgrastim ní 1991, fún àwọn tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti run ẹ̀jẹ̀ funfun wọn.)

Nítorí náà, kọ́kọ́ tẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí síláìdì, dígí pẹlẹbẹ abẹ́ maikirosíkóòpù, kí o wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó wà níbẹ̀, torí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, béèrè bóyá bàbá náà ń mu sìgá, àti bóyá ó ti tọ ẹ̀jẹ̀ rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí kò sì dùn ún. Àwọn àgbà wa tó lúwẹ̀ẹ́ nínú odò nígbà èwe yóò sọ pé àtọ̀sí ajá (àrùn aràn tí a ń kó nínú odò) lásán ni, bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti sọ fún mi ní Ìdànrè. Má gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àtọ̀sí ajá tó pẹ́ nínú àpò ìtọ̀ lè di jẹjẹrẹ.

Má bá ọ̀gá yín jiyàn níwájú èrò. Kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kí o sì jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n bá rí.

Èmi ni ìyá rẹ.