Àbẹ̀kẹ́, mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Manchester? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ ìsinmi, hóstẹ́ẹ̀lì dákẹ́ rọ́rọ́, èmi ṣì wà ní Ìbàdàn. Ọ̀gá wa gbà mí sínú ìwádìí wọn. Ilé ìkàwé Kenneth Dike ni mò ń lọ láràárọ̀, níbi tí wọ́n kó ìwé Ìyá Béère, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, sí. Ìwé tí ọwọ́ wọn gan-an kọ, Àbẹ̀kẹ́!

Ṣé o rántí iyàn wa lẹ́yìn ìbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìyẹn, lórí ẹni tó yẹ kó ṣe olórí? Èmi ni mo ń sọ pé ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀ kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ni olórí. Ọkàn mi ti ń kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ akin ni mo ń wá lọ: bí Ìyá Béère àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ṣe ya lọ sí ààfin ọba nítorí owó orí ní ìparí ọdún 1947, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sùn síbẹ̀, títí ọba wọn, Aláké Adémọ́lá, fi fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1944, ìyá ọlọ́jà kan ní òun fẹ́ mọ̀wé kà, ni wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọlọ́jà. Ẹnu ẹ̀kọ́ yẹn ni àwọn ọlọ́jà ti ń tú ẹ̀dùn ọkàn wọn: àwọn aṣojú ìjọba ń gba ìrẹsì wọn lọ́jà, ọmọbìnrin ń san owó orí láti ọmọ ọdún 15, ọkùnrin di 16 kó tó san. Nígbà tó di 1946, ẹgbẹ́ náà ti di ti gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Ìró ni Ìyá Béère ń ró lọ síbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ níwèé ló rán wọn níṣẹ́.

Àwọn ọmọ kíláàsì wa ní kí n dupò ààrẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ rán mi. Wọ́n dákẹ́. Ẹnì kan ní, "Ṣáà wọlé ná." Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Mi ò tíì gbà. Tí wọ́n bá wọlé padà, mo fẹ́ lọ láti yàrá dé yàrá, kí n gbọ́ tẹnu wọn ná.

Bọ̀dá mi ti bí ọmọkùnrin, iná ò tíì sunwọ̀n, wọ́n sì ti wó búkà wa.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí. Orin tí ìyá àgbà yín ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, máa ń kọ fún wa, tí a máa ń bá wọn gbè láì bi wọ́n níbi tó ti wá, mo rò pé orin ìgbà tí àwọn obìnrin ya lọ sí ààfin náà ni. Ọmọdé ni wọ́n nígbà yẹn, wọ́n á ti máa bá ìyá wọn lọ sọ́jà. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan, pé màmá yín ò fẹ́ àlejò mọ́. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ màmá. Mi ò ní gbohùn wọn sílẹ̀ àfi tí màmá bá ní kò burú. Tí wọ́n bá sì ní rárá, n ó kàn lọ kí wọn, n ó gbé mọ́ínmọ́ín dání. Pe màmá lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí o sì tètè fún mi lésì.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́