Ẹ yé bú lọ́yà tó ń gbèjà afurasí

Olóòtú wa,

Inú tó ń bí mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo wà nídìí ata mi lọ́jà Àkẹ̀sán, rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn lọ́yà ńláńlá. Ẹni mẹ́fà pè wọlé, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: lọ́yà tó bá gbèjà olè, olè ni. Àwọn tá a jọ pàtẹ sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ta ló sọ fún wọn pé olè ni? Adájọ́ ò tíì sọ̀rọ̀! Abala 36 nínú ìwé òfin 1999 ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ò jẹ̀bi títí ẹ̀rí yóò fi mú un, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà tó bá wù ú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ Ọ̀yọ́ wo ni kò mọ ìyẹn?

Lọ́yà Gani Fawẹhinmi tí gbogbo yín ń yìn, kí niṣẹ́ ẹ̀? Ẹni tí ìjọba ti pè ní ọ̀daràn ló ń dúró fún. Òun àti lọ́yà Fẹ́mi Fálànà wà lẹ́yìn Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé ọmọ Ogoni, lọ́dún 1995, kí wọ́n tó kúrò níwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, nítorí ojúsàájú. Wọ́n ti Gani náà mọ́lé láìmọye ìgbà. Ọdún 1965 ló ti di lọ́yà. 1988 làwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ fi í joyè lọ́yà àgbà àwọn mẹ̀kúnnù, àwọn aláṣẹ ò fún un ní SAN, oyè lọ́yà àgbà ti ìjọba, títí di 2001.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mẹkáníìkì tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ni wọ́n kó mọ́ àwọn kan lálẹ́ lọ́dún tó kọjá. "Béèlì ọ̀fẹ́ ni" wà lára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá náà gàdàgbà, owó ni wọ́n ń bi wá. Kò sí lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń kọ sitéémẹ́ǹtì. Wọ́n fẹ̀sùn ìdigunjalè kàn án níwájú májísíréètì tí kò lágbára àtigbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá ní kó lọ máa dúró lẹ́wọ̀n títí fáìlì yóò fi ti ọ̀dọ̀ DPP n'Ìbàdàn dé, ìyẹn ọ̀gá lọ́yà ìjọba tó ń pinnu bóyá ẹnìkan lẹ́jọ́ í jẹ́. Oṣù méje! Ìgbà tá a ta ilẹ̀ tá a fi gba lọ́yà ni fáìlì tó dé: kò lẹ́jọ́ í jẹ́. Lọ́yà yẹn lẹ ń pè lólè?

Ẹ rántí alẹ́ October 22, 2021, tí àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abòlóńgò níbí. Ó lé ní 800 ẹni tó jáde, àwọn tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ sì ni. Mélòó ló ní lọ́yà nínú wọn?

Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí lọ́yà wà fún àgọ́ ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan tọ̀sán-tòru, kí ìjọba máa sanwó wọn. Kí wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bíi nọ́ọ̀sì ní ọsibítù. Kí nọ́ńbà fóònù ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ hàn lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ béèlì ọ̀fẹ́ sí. Kí ẹnikẹ́ni má kọ ìlà kan kí lọ́yà tó dé. Àwọn agùnbánirọ̀ tó kàwé òfin ńkọ́? Kí wọ́n kó wọn síbẹ̀. Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, ti wà láti 1976, ẹ béèrè ọ̀nà ibẹ̀ lọ́jà wa, ẹ wò ó bóyá ẹ ó rẹ́ni júwe rẹ̀. Kí DPP náà yára.

Ọmọ wa ti padà sídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ọlọ́pàá, abẹ́ mọ́tò ló ń wọ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ pe rédíò bú lọ́yà, kó kọ́kọ́ wá bá mi nídìí ata, kí n mú un lọ rí i.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́.