Ọ̀rọ̀ Ìmáàmù: Ta Ló Ni Ọ́ Nígbà Tínú Bá Ń Bí Ọ?

Àsàláámù alaikun, ẹ̀yin jàmáà mi.

Bọ́tìnnì kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Funfun ni, òwú ṣì rọ̀ mọ́ ọn. Níbi tá a ti ń ṣe àlùwàlá ni mo ti ṣà á, lọ́jọ́ táwọn àgbà wa jà níbẹ̀, láàárín àwọn bùtá tó ti dojú dé. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀, ẹni tí ò sí níbẹ̀ náà ti gbọ́. Látọjọ́ náà, hádíìsì kan ṣoṣo ni mò ń kà ní àkàtúnkà.

Abu Hurayrah, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ló gbà á wá, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé alágbára kọ́ lẹni tó mọ ìjàkadì jà. Alágbára ni ẹni tó kápá ara rẹ̀ nígbà tínú bá ń bí i.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Ọ̀rọ̀ tí Ànábì fi pe oníjàkadì yẹn, ṣuráà, ju ẹni tó dá èèyàn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹni tó ti sọ ọ́ di ìṣe ni, tó ń dá tibí tó ń dá tọ̀hún, tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Irú wọn la máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Ànábì gba àtẹ́wọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ẹlòmíì tí ẹnikẹ́ni ò kíyè sí. Ó wá lo ọ̀rọ̀ kejì, yamliku: kéèyàn ní nǹkan ní ìkáwọ́, kó jọba lé e lórí. Láti ìdí kan náà ni wọ́n ti ń pe ọba ní máliki. Ẹni tó jọba lórí ara rẹ̀. Nígbà wo? Nígbà tínú ń bí i gan-an. Ànábì ò bá wa wá ẹni tínú kì í bí. Inú ń bí eléyìí, àyà rẹ̀ ń hó, ọwọ́ ń yún un, síbẹ̀ òun ló gun ìbínú, ìbínú kọ́ ló gùn ún.

Ọmọ wa kan ló ń wá sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń rò ó: Hakeem Ọlájùwọ́n, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1963, sìmẹ́ǹtì làwọn òbí rẹ̀ ń tà. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àwọn Mùsùlùmí l'Ékòó ló lọ. Ó ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ti ń bàlágà kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rárá. Lọ́dún 1980 ó kọjá sí Houston l'Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi di 1984, tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ga jù l'Amẹ́ríkà, ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú; ẹgbẹ́ Houston Rockets ló mú un, kí ẹgbẹ́ míì tó mú Michael Jordan. Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ìyókù jù mí lọ. Ìgbà 3,830 ló gbá bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíì ń jù sínú apẹ̀rẹ̀ dànù lókè, kò sì tíì sẹ́ni tó bá a débẹ̀ nínú NBA títí dòní.

Alágbára ni. Ṣùgbọ́n oníbìínú ni nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1986, ní Los Angeles, ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ àṣekágbá, ó bá ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ Lakers tí wọ́n jọ ń figagbága jà, rẹfirí sì lé e jáde. Ralph Sampson, ẹnìkejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ló ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi borí, nígbà tí àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹnì kan á ní, ṣebí wọ́n borí náà. Wọ́n borí, àmọ́ alágbára wọn ò sí lórí pápá. Ó ti fi ìbínú ìṣẹ́jú kan lé ara rẹ̀ kúrò níbi tó fi gbogbo ọdún ṣiṣẹ́ dé.

Houston náà ló ti padà sínú ẹ̀sìn tọkàntọkàn. Lọ́dún 1991 ó ní kí wọ́n máa kọ orúkọ òun bó ṣe yẹ, Hakeem, kì í ṣe Akeem mọ́. Ọlọ́gbọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún un ní ife-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dún 1994, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá bá òun dì í mú. Ọdún náà ni wọ́n gba ife NBA, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1995. Nínú oṣù February ọdún 1995, ààwẹ̀ Ràmàdánì wà lẹ́nu rẹ̀, omi ò kan ọ̀fun rẹ̀ lójú ọjọ́, òun náà sì ni NBA yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù lóṣù náà.

Ẹ̀yin àgbà sáàfù iwájú, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ọkùnrin tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, tí wọ́n ń fi ìgúnpá gún nígbàá lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ebi àti òùngbẹ ń pa, gbé ìbínú mì lójú gbogbo ayé. Kí ló wá ń ṣe àwa tá a ti wewú lọ́rùn, tí omi àlùwàlá ò tíì gbẹ lára wa? Ta ló gbé iyì lé wa lọ́wọ́ tá ò lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan? Àwọn ọmọ ilé kéwú wà lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn, tí ò ju ọmọ ọdún méje lọ, bi mí pé: "Àáfà, ṣé àlùwàlá wọn ṣì wà?" Mo fún un lésì bí ìwé ṣe wí. Mo wá délé, mo jókòó, ojú ń tì mí nítorí yín. Ẹ sì má fi ẹnu bò ó pé ìwọ̀nba ìbínú ọkùnrin ni. Ànábì ti ní kì í ṣe agbára.

Inú mi le bí mo ṣe ń kọ èyí, ìfẹ́ ló fà á. Mo mọ̀ yín. Mo mọ ẹni tó gbé ọmọ ẹnìkejì rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn lóru. Mo mọ ẹni tó san owó ilé ìwé fún ọmọ ẹni tí wọn ò jọ ń sọ̀rọ̀ mọ́ báyìí.

Lọ́dún 1992, aáwọ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ọlájùwọ́n àti àwọn tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Wọ́n ní ó ń díbọ́n pé òun fara pa, wọ́n jáwèé gbélé-ẹ fún un, òun náà ní kí wọ́n tà òun sí ẹgbẹ́ míì. Inú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé wọn lọ sí Japan ni òun àti olówó ẹgbẹ́ náà, Charlie Thomas, ti jókòó ti ara wọn, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n parí ẹ̀. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè dìde kó bínú jáde. Ẹní mẹ́ta ti wà ní pálọ̀ mi, mo ti tẹ́ wọn. Lẹ́yìn ìṣáì ọjọ́kọ́jọ́, ẹ wá. Ẹ má wulẹ̀ kó ẹlẹ́rìí wá.

Àyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àsálátù ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́sàn-án ni, kì í ṣe mẹ́wàá mọ́. A ń wá bùtá mẹ́fà, mẹ́ta ti fọ́. Ẹ rántí ìyá wa tó wà lórí àìsàn nínú àdúà. Owó iná oṣù yìí kò tíì pé. Àwọn ọmọ ilé kéwú máa ka hádíìsì òkè yìí lórí ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn òbí jọ̀wọ́ tètè dé.

Ẹni tó ni bọ́tìnnì, ó wà lọ́wọ́ mi. Abẹ́rẹ́ àti òwú wà nílé.

Ìmáàmù yín.