Omi kì í gba òrùlé wọlé

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde torí inú ń bí mi gan-an. Dominica ni mò ń gbé, erékùṣù kékeré kan ní Caribbean, kì í ṣe Dominican Republic o, gbogbo èèyàn tiwa níbí ò ju nǹkan bí 70,000 lọ. Ọmọ ibí ni ọkọ mi, aránṣọ sì ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá òjò rọ̀ mọ́jú, odò ẹ̀yìn ilé wa kún, ó wọlé bá wa. Ọjọ́ kẹfà ni àwọn tó ń ka nǹkan tó bà jẹ́ tó yọjú. Ọjọ́ kẹfà! A ti kó ẹrẹ̀ dà sóde, ṣé inú ẹrẹ̀ làwọn ọmọ máa sùn ni? Ẹni tí wọ́n rán wá ò kọjá ẹnu géètì, ó gbójú sókè wo páánù, ó tẹ nǹkan sínú fóònù ọwọ́ ẹ̀, ó ní òrùlé wa dáa, ògiri ò lanu, díẹ̀ ló bà jẹ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà ẹ wọlé, ẹ wá wo ẹ̀rọ ìránṣọ mi méjèèjì tí omi bò mọ́lẹ̀, ẹ wo aṣọ madras, aṣọ ìbílẹ̀ wa níbí, táwọn oníbàárà kó wá fún ọjọ́ òmìnira ti 3 November, ó ti ṣí, pupa ti ran funfun, aṣọ èèyàn mọ́kànlá. Ó ní kò sí àyè fún ìyẹn nínú fóòmù.

Ohun tí mo fi ń jẹun ni wọ́n ní kò sí àyè fún o!

Fóòmù ìjì ni wọ́n gbé wá ka omi. Lẹ́yìn ìjì Maria, 18 September 2017, atẹ́gùn ló ṣí òrùlé ká gbogbo ìlú, torí náà òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò títí dòní. Omi kì í gba òrùlé wọlé, ìsàlẹ̀ ló ń gbà. Ṣé wọ́n ti gbàgbé ìjì Erika ni, 27 August 2015? Òkè ya lu Petite Savanne débi pé gbogbo ará abúlé ni wọ́n kó kúrò, ní Coulibistrie odò ń yí àpáta wọ àárín ilé. Wọ́n ní ohun tó bà jẹ́ tó 483 mílíọ̀nù dọ́là Amẹ́ríkà, ìyẹn bí ìdá 90 nínú 100 owó tí gbogbo ilẹ̀ yìí ń pa lọ́dún kan. Inṣọ́ránsì táwọn ìjọba Caribbean jọ ń dá, CCRIF, 2.4 mílíọ̀nù péré ló san, torí bí òjò bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń ṣírò, wọn kì í wo ilé ẹnikẹ́ni. Mi ò bá wọn jà, owó tó tètè dé wúlò. Àmọ́ ìyókù ńkọ́? Ohun tá a bá kà la lè fi tọrọ ìrànlọ́wọ́, èyí tí wọn ò bá kà, kò sẹ́ni tó máa san án.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí abúlé kọ̀ọ̀kan yan èèyàn mẹ́rin márùn-ún tó ń gbé ibẹ̀, kí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ kí June tí àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀ tó dé, kí wọ́n wọ ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀: ẹ̀rọ, fírísà, adìyẹ, oko dasheen (kókò), arúgbó tí kò lè rìn. Tí omi bá wá fà, kí wọ́n jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì kẹ́nikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tómi dé lára ògiri, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ déètì sí i. Nínú yàrá mi ìbàdí ló dé, ìlà ẹrẹ̀ kan ló fà yí gbogbo yàrá po bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Tírú àmì bẹ́ẹ̀ bá wà fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, èèyàn á mọ ibi tó yẹ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà, á mọ bó ṣe yẹ kí tábìlì ẹ̀rọ ga tó, ẹni tó fẹ́ kọ́lé á mọ ilẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́. Lẹ́yìn Maria, Roosevelt Skerrit tó jẹ́ olórí ìjọba sọ pé Dominica máa jẹ́ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ojú ọjọ́ ò ní lè rí gbé ṣe. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, abẹ́ ilé wa ló sì yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n kó àpáta inú odò kúrò pẹ̀lú. Kí wọ́n la ihò abẹ́ afárá kó fẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé ní Nàìjíríà tẹ́ ẹ ń ra páàsípọ́ọ̀tù Dominica, irú owó yẹn ni wọ́n fi kọ́lé fáwọn ará Petite Savanne ní Bellevue Chopin. Ẹ máa bèèrè ohun tówó yín ń ṣe.

Ọkọ mi ní kí n kun ògiri, mo kọ̀. Ìlà omi yẹn ṣì wà níbẹ̀, aṣọ mọ́kànlá yẹn ṣì wà lórí okùn. Kí wọ́n padà wá, kí wọ́n mú fóòmù tó láyè dání.

Ìyá aránṣọ,
Dominica