Ẹ yẹ ojú fáíbà wò kí ẹ tó tì í bọ ẹ̀rọ

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. A dúpẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa lẹ ń gbé ẹ̀rọ ìdánwò fáíbà yín (okùn gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá) wá fún àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí OTDR (ẹ̀rọ tó ń fi ìlà hàn bí fáíbà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin), power meter (tó ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀) àti light source (tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà) tí ẹ máa ń sọ pé kò ka nǹkan dáadáa mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni kò bàjẹ́ rárá. Ìdọ̀tí ló wà lójú ihò tí fáíbà ń wọ̀. Ó máa ń dùn wá tí ẹnìkan bá pa iṣẹ́ tì nítorí ohun tí ìnù díẹ̀ ì bá yanjú.

Nínú fáíbà single-mode, irú èyí tí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín gan-an, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá kò fẹ̀ ju nǹkan bíi máíkírọ́mítà 9 lọ. Irun orí kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ fíìfíì. Eruku tí ojú lásán kò lè rí ti tó láti dí i. Tí ẹ bá sì ti fáíbà bọ ihò tòun ti eruku yẹn, àárín ojú méjèèjì ló máa há sí, á fọ́ wẹ́wẹ́, á tàn ká, ó sì lè ha gíláàsì débi tí ìnù kankan ò ní ràn án mọ́. Ohun tí a ì bá nù á wá di ohun tí a ní láti pààrọ̀.

Ihò ara ẹ̀rọ ìdánwò ló ń jẹ ìyà yìí jù. Fáíbà tó wà lára pánẹ́ẹ̀lì lè wà níbẹ̀ fún ọdún láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n lójúmọ́ kan ṣoṣo, oríṣiríṣi fáíbà ni ẹ̀rọ yín ń gbà sára, kálukú pẹ̀lú ìdọ̀tí tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà á sì máa kó o láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn.

Ẹ lè fi ojú ara yín mọ̀ ọ́n. Lórí OTDR, ìlà á yọ gòkè gan-an níbẹ̀rẹ̀, á pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tó wà nítòsí. Lórí power meter, iye tó ń kà á máa yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ fáíbà tí ẹ tún dá a padà.

Kí ẹ tó nu ohunkóhun, ẹ pa lésà. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ wọ̀nyí ń lò, 1310 àti 1550 nanomita, kì í hàn sí ojú èèyàn, ó sì lè ba ojú jẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe yọjú wo inú ihò láé. Máíkírósíkóòpù fáíbà tó ń gbé àwòrán sórí síkírìnì ni kí ẹ fi wò ó. Tí ìdọ̀tí bá wà, kálámù ìnu fáíbà ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, èyí tó wà fún 2.5 mm fún SC àti FC, 1.25 mm fún LC (oríṣi orí fáíbà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta). Ẹ tì í wọlé tààrà títí tó fi máa dún. Ẹ tún wò ó. Tó bá ṣẹ́ kù, ọ̀rá ọwọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́: ẹ fi isopropyl (ọtí ìfọ̀, kì í ṣe ti mímu) 99% díẹ̀ sórí igi ìnu fáíbà, kó tutù lásán, kó má kán, ẹ nù ún, kí ẹ sì fi gbígbẹ nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má da ọtí sínú ihò, ẹ̀yìn ferrule, ọ̀pá kékeré tó di fáíbà mú, ló máa sá sí, á sì tún ṣàn jáde sójú gíláàsì lẹ́yìn náà. Ti 70% ní omi púpọ̀, àbàwọ́n ló máa fi sílẹ̀.

Fífi ẹnu fẹ́ ẹ ńkọ́? Itọ́ lẹ ń fọ́n sí i. Etí aṣọ tí ẹ wọ̀ sì rèé, òógùn àti owú wà lára rẹ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà gbọ́ ni pé jumper (okùn fáíbà tó ní orí méjì, tí a fi ń so nǹkan pọ̀) tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ọ̀rá náà lè dọ̀tí. Inú ọmọrí tí wọ́n fi dé e pàápàá máa ń ní eruku. Ẹ yẹ òun náà wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ti orí aláwọ̀ ewé, APC, bọ ihò tí wọ́n ṣe fún UPC, oríṣi orí fáíbà mìíràn. Ojú APC dagun ní dígírì 8, ti UPC kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní pàdé dáadáa, wọ́n sì lè ba ara wọn jẹ́. Ìnù ò wo ìyẹn sàn.

Ìmọ̀ràn tí a fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ fi jumper kúkúrú kan sílẹ̀ lára ihò ẹ̀rọ, kó jẹ́ orí kejì rẹ̀ lẹ ó máa so mọ́ fáíbà tí ẹ fẹ́ dán wò. Tó bá ha, ẹ jù ú nù kí ẹ fi òmíràn sí i. Ihò ẹ̀rọ kò rọrùn láti pààrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, ìṣojú yín la ó ti máa fi máíkírósíkóòpù wo ihò kí a tó tú ẹ̀rọ kankan. Tó bá jẹ́ ìdọ̀tí lásán, a ó nù ún, a ó sì dá a padà fún yín láìkọ ọ́ sí àtúnṣe. Ẹ bá wa mú jumper tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ dání pẹ̀lú. Tí a bá nu ẹ̀rọ tí jumper sì dọ̀tí, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tì í bọ̀ ọ́ ni gbogbo rẹ̀ tún máa bẹ̀rẹ̀.